Ìtàn apànìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orísun wo la lè gbà gbọ́, lórí ọ̀rọ̀ wo?

Ẹ tẹ orúkọ H. H. Holmes sínú Google. Ojú-ìwé kan á ní èèyàn 9 ló pa, òmíràn á ní 27, òmíràn á ní wọ́n lé ní 200, kò sì sí èyí tó ń ṣiyèméjì nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún un ní Philadelphia lọ́dún 1895, ikú ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́bi. Apànìyàn kan, iye mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ọkùnrin náà, tàbí tó fẹ́ ṣe fídíò nípa rẹ̀, èwo ni kó mú níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá orísun kan tó dára jù, wọn á sì gba gbogbo ohun tó bá sọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sí orísun tó mọ gbogbo nǹkan nípa apànìyàn kankan. Ìwé ìdájọ́ mọ ẹ̀sùn àti ọjọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ìwé ìròyìn ìgbà náà mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ, kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Apànìyàn fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n òun náà ló nídìí jù láti purọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni kẹ́ ẹ fi yan orísun. A ó gbé àwọn orísun náà kalẹ̀ ní méjìméjì, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti múná dóko àti ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà.

Àpẹẹrẹ méjì la ó máa padà sí jù. Èkíní ni Holmes. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Herman Webster Mudgett. Gilmanton ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, wọ́n sì yẹgi fún un ní Philadelphia ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1896. Èkejì ni Harold Shipman, dókítà ará Ìlú Ọba tó ń fi abẹ́rẹ́ diamorphine, oògùn apàrora tó lágbára gan-an, pa àwọn tó ń tọ́jú nílùú Hyde, nítòsí Manchester. Ìdí tá a fi so wọ́n pọ̀ ni pé oníwèé ìròyìn tó ń wá ọjà ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn Holmes, ṣùgbọ́n adájọ́ tí ìjọba yàn ló jókòó ti ọ̀rọ̀ Shipman, tó yẹ ikú wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ìdájọ́ àti ìwé ìròyìn

Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ wáyé, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, orúkọ adájọ́, ẹ̀sùn tó jẹ̀bi rẹ̀ àti ìyà tí wọ́n dá fún un, kò sí ohun tó tó àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Wọ́n tẹ ti Holmes jáde ní 1897, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Ikú Benjamin Pitezel ni ẹjọ́ náà dá lé: ọkùnrin kan tí òun àti Holmes jọ ń ṣe jìbìtì, tó kú ní Philadelphia ní oṣù Kẹsàn-án 1894, tí Holmes sì torí rẹ̀ gba owó adójútòfò 10,000 dọ́là. Wọn kò dá a lẹ́jọ́ rárá lórí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago.

Ibo wá ni ìtàn ilé apànìyàn ní Chicago ti jáde? Ní oṣù Keje 1895, nígbà tí Holmes ti wà látìmọ́lé, ọlọ́pàá wọ ilé tó kọ́ sí ìkóríta òpópónà 63rd àti Wallace ní Englewood. Àwọn oníròyìn tẹ̀ lé wọn wọlé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni yàrá gáàsì, ihò tí òkú ń gbà já sí àjà ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn àṣírí ń pọ̀ sí i nínú ìwé ìròyìn, títí tó fi di ilé ẹlẹ́rù tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n rí egungun. Ṣùgbọ́n ilé alájà méjì ni wọ́n kọ́ ní 1887. Ní 1892 ni wọ́n fi àjà kẹta lé e, tí wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì ni yóò jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ wá wo ìfihàn àgbáyé ti 1893, kò sì fìgbà kan ṣiṣẹ́ bíi hòtẹ́ẹ̀lì gidi. Ojú-ìwé tó bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò sùn síbẹ̀ tí wọn kò jí, ẹ bi í léèrè orúkọ wọn. Bí kò bá ní orúkọ, kò ní ẹ̀rí.

Èyí kò sọ pé kẹ́ ẹ ju ìwé ìròyìn nù. Bí àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ bá ti sọnù, ìròyìn tí oníròyìn kọ látinú ilé ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀ ló kù tá a lè gbé ara lé. Òun náà ló máa ń ní àdírẹ́sì, iṣẹ́ tí ẹlẹ́rìí ń ṣe, ẹni tó kọ́kọ́ rí òkú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé ìwé ìròyìn mẹ́wàá lè jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo. Láyé ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ ìròyìn kan á fi wáyà ránṣẹ́ káàkiri, oníkálukú á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí gbólóhùn méjì bá bára mu lọ́rọ̀ sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn Chicago àti ti New York, orísun kan lẹ rí, ẹ má kà á sí méjì. Chronicling America tó wà lọ́wọ́ ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti British Newspaper Archive, owó ni wọ́n ń gbà. Fún ìgbẹ́jọ́ ìlú London láàárín 1674 sí 1913, Old Bailey Online ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ilé ẹjọ́ pàápàá lè ṣìnà. Ní Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sture Bergwall, tó ń pe ara rẹ̀ ní Thomas Quick, jẹ́wọ́ ikú èèyàn tó lé ní 30. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú 8 láàárín 1994 sí 2001. Ní 2008 ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2013, kò sí ọ̀kan nínú ìdájọ́ mẹ́jọ náà tó dúró mọ́. Ẹni tó bá ka ìwé ìdájọ́ 1994 tó dúró síbẹ̀ á máa pe ẹni tí wọ́n ti wẹ̀ mọ́ ní apànìyàn. Ní Ìlú Ọba, wọ́n yẹgi fún Timothy Evans ní 1950 torí ikú ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé apànìyàn ni John Christie tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. Ọdún 1966 ni wọ́n tó dárí ji òkú Evans. Torí náà, lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ti kòtẹ́milọ́rùn, kẹ́ ẹ sì wá ohun tó tẹ̀ lé e, títí dé ọdún tá a wà yìí.

Ẹnu apànìyàn àti ẹ̀rí tó wà níta

Orísun yìí ló ń ba ìtàn jẹ́ jù, òun làwọn èèyàn sì fẹ́ràn jù. Iye 27 tí wọ́n ń pè fún Holmes, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ tí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin 1896, nígbà tó ń dúró de ọjọ́ ikú. Wọ́n sanwó fún un. Àwọn kan nínú àwọn tó ní òun pa ṣì wà láàyè nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde. Nígbà tó dé ìdí igi tí wọ́n fẹ́ yẹ fún un, ó tún yí ohùn padà: ó ní obìnrin méjì péré ló kú sí òun lọ́wọ́, ó sì sẹ́ ikú Pitezel tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ pa á. Láàárín oṣù kan, ẹnu kan náà sọ 27, ó tún sọ 2.

Henry Lee Lucas ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Texas. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ikú ló jẹ́wọ́ ní àwọn ọdún 1980, ọlọ́pàá láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti fi í parí ẹjọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Bó bá ṣe ń jẹ́wọ́ ni wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ikú kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ dájọ́ ikú fún un, ti obìnrin kan tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní 1979 tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ wá fi hàn pé Florida ni Lucas wà lásìkò náà. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas gbé ìròyìn jáde ní 1986 tó tú àwọn ìjẹ́wọ́ náà palẹ̀, gómìnà sì yí ìdájọ́ ikú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 1998. Títí dòní, àwọn ojú-ìwé kan ṣì ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sí i lọ́rùn.

Ẹ wá fi wé Samuel Little. Òun náà jẹ́wọ́ púpọ̀, 93. Ṣùgbọ́n FBI kò kàn kọ iye náà sílẹ̀: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé òkú tí wọ́n rí, ibi tí wọ́n ti rí i, ọdún, aṣọ àti ọ̀nà tí ẹni náà gbà kú. Ní oṣù Kẹwàá 2019 wọ́n kéde pé àwọn ti fìdí 50 múlẹ̀, àti pé àwọn gbà pé ìyókù ṣeé gbà gbọ́. Iye méjì ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì.

Ìbéèrè mẹ́ta tá a fi ń yẹ ìjẹ́wọ́ wò nìyí. Kí ni ẹni náà ń rí gbà bó ṣe ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó sọ ohun kan tí ọlọ́pàá kò tíì mọ̀, tí wọ́n sì wá bá a bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀? Ibo ló wà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́? Bí ìjẹ́wọ́ kò bá kọjá ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta, ohun tí ẹ lè kọ kò ju "ó sọ pé" lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe àti ìdí tó fi pànìyàn, ẹnu apànìyàn ló ti wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má jẹ́ kí ojú-ìwé kankan sọ ọ́ fún yín bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fojú rí i.

Iye tí ilé ẹjọ́ mọ̀ àti iye tí ìgbìmọ̀ ìwádìí mọ̀

Ọ̀rọ̀ Shipman dára fún ẹ̀kọ́ yìí, torí iye mẹ́ta ni wọ́n ń pè fún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2000, ilé ẹjọ́ Preston Crown Court dá a lẹ́bi ikú obìnrin 15, pẹ̀lú ayédèrú ìwé ìhágún kan. Ìjọba wá yan adájọ́ Dame Janet Smith láti wádìí ìyókù. Ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2002. Ó ní Shipman pa èèyàn 215, obìnrin 171 àti ọkùnrin 44. Ó ní ìfura gidi wà lórí ikú 45 míì, ẹ̀rí kò sì tó láti sọ ibi kan lórí 38. Ní oṣù Kìíní 2005, ìròyìn kẹfà fi àwọn ọdún tó lò nílé ìwòsàn Pontefract kún un, ó sì fojú bù ú pé gbogbo wọn máa tó 250.

Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ń rojọ́ fún olùjẹ́jọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ lójú kọjá iyèméjì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, ìwọ̀n ẹ̀rí tó ń béèrè kò sì le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó láàyè láti wo ìwé ẹ̀rí ikú tó pọ̀ gan-an. Torí náà, "wọ́n dá a lẹ́bi ikú 215" jẹ́ irọ́, "ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé ó pa 215" jẹ́ òótọ́. Iye kẹrin wà tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 260. Ẹnì kan ló ro 215 pọ̀ mọ́ 45. Ó sọ ìfura di ìdájọ́, ó sì gbàgbé pé adájọ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni.

Bákan náà ni ọjọ́ orí Shipman. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1946, ó sì so ara rẹ̀ kọ́ lẹ́wọ̀n Wakefield ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2004. Ẹni ọdún 57 ni, ó ku ọjọ́ kan kó pé 58. Ojú-ìwé tó bá kọ 58, ọdún nìkan ló yọ kúrò nínú ọdún, kò wo ọjọ́. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tó kọ ọ́.

Lára ohun tó tú àṣírí Shipman, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti pa aláìsàn kan tán, ó máa ń wọ inú fáìlì ẹni náà, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyà ti ń dun ún láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, á sì fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ọjọ́ kejì níkọ̀kọ̀, ìyẹn ọjọ́ àti wákàtí tó tẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọlọ́pàá gbé ọjọ́ méjèèjì síra, irọ́ náà sì hàn. Ohun kan náà gan-an lẹ máa ṣe fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí wọ́n kọ sójú lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì ojú-ìwé náà sínú Wayback Machine, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí lọ́dún mẹ́ta, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Bí iye tó pè fún òkú bá ti yí padà láàárín ìgbà náà láìsí àlàyé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ipò ńlá àti ẹni tó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá ti kọ nǹkan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní 1894, Melville Macnaghten, ọ̀gá kan ní Scotland Yard, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá London, kọ ìwé nípa àwọn tí wọ́n fura sí lórí ìpànìyàn Whitechapel ti 1888, ìyẹn ti ẹni tí wọ́n ń pè ní Jack the Ripper. Ó dárúkọ M. J. Druitt, ó ní wọ́n ní dókítà ni. Druitt kì í ṣe dókítà; agbẹjọ́rò ni, ó sì ń kọ́ni nílé ìwé. Ìdí àṣìṣe náà kò jìnnà: ọdún 1889 ni Macnaghten wọṣẹ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí àwọn ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ.

Frank Geyer yàtọ̀ sí i. Ọtẹlẹmúyẹ́ lásán ni ní Philadelphia, kì í ṣe ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá àwọn ọmọ Pitezel mẹ́ta tí Holmes kó lọ, láti ìlú dé ìlú, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé ilé àyágbé, tó fi hú òkú ọmọbìnrin méjì ní Toronto, tó sì rí ohun tó kù lára arákùnrin wọn nítòsí Indianapolis. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1896. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, Geyer ló yẹ kẹ́ ẹ mú. Lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago, Geyer pàápàá ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni. Ẹ̀rí ẹnì kan lè dára lójú-ewé kan kó má dára lójú-ewé kejì nínú ìwé kan náà.

Wikipedia, fídíò àti ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè

Wikipedia wúlò ju fídíò YouTube lọ, kì í ṣe torí pé kì í ṣàṣìṣe, bí kò ṣe pé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé. Ẹ tẹ nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn gbólóhùn, kẹ́ ẹ ṣí ohun tó tọ́ka sí, kẹ́ ẹ sì kà á dé ibi tí gbólóhùn náà wà. Ẹ máa rí i nígbà míì pé ohun tí wọ́n tọ́ka sí kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ tẹ "View history" láti mọ ọjọ́ tí iye kan wọlé, àti "Talk" láti rí ìjà tí àwọn olóòtú ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Wikipedia Yorùbá náà wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìtàn ilẹ̀ òkèèrè tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n túmọ̀ látinú ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí kejì.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni òbìrí. Ẹnì kan á kọ iye kan sí Wikipedia láìsí ìtọ́kasí. Oníròyìn tó ń kánjú á gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ẹlòmíì á wá fi ìwé ìròyìn yẹn ṣe ìtọ́kasí fún gbólóhùn náà. Ẹ fi ọjọ́ mọ̀ ọ́n: bí gbólóhùn bá ti wà lórí Wikipedia ṣáájú ìwé tí wọ́n ní ó ti wá, òbìrí nìyẹn.

Fídíò àti eré sinimá, ẹ lò wọ́n láti mọ orúkọ tí ẹ ó wá kiri, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán inú wọn, ẹ fi Google Lens tàbí TinEye wá ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Òṣèré tó kó ipa apànìyàn ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni. Ní ti àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, ohun tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pò pọ̀. Bí irọ́ bá pọ̀ ju òótọ́ lọ níbẹ̀, irọ́ náà ni wọ́n máa sọ fún yín, wọ́n á sì tún sọ ọ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń yẹ gbólóhùn kan wò

Ẹ mú gbólóhùn yìí tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì: "Nígbà tí Holmes dé Englewood ní 1886, Dókítà Holton, arúgbó tí jẹjẹrẹ ń pa lọ, ló ni ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Holmes rà á lọ́wọ́ opó rẹ̀, opó náà sì dàwátì."

Ẹ kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀: ọkùnrin ni dókítà náà, arúgbó ni, ó kú, ìyàwó rẹ̀ ta ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó náà dàwátì. Ẹ má yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, torí òótọ́ kan máa ń gbé irọ́ mẹ́rin pọ̀n. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé ìwé wo ló máa ní in bó bá jẹ́ òótọ́. Bí èèyàn bá jẹ́ dókítà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn á ní orúkọ rẹ̀. Bó bá ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé àdírẹ́sì ìlú á ní in lọ́dọọdún. Bó bá kú, ìwé ikú àti itẹ́ òkú á ní in. Bó bá ṣì wà láàyè, ètò ìkànìyàn á kà á.

Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìtàn náà dojú dé. Obìnrin ni Dókítà Holton, Elizabeth Holton. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Michigan tí Holmes ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lòun náà ti jáde. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò dàwátì: wọ́n ṣì ń gbé ní Englewood títí wọ inú ọ̀rúndún ogún, lẹ́yìn tí Holmes ti kú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Èyí lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ, torí kò sẹ́ni tó lọ wo ìwé àdírẹ́sì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni pé èèyàn wá orúkọ kan, kò rí i, ó sì parí èrò sí pé ẹni náà ti kú. Obìnrin tó lọ́kọ yí orúkọ padà. Akọ̀wé ìkànìyàn kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ. Èyí tó burú jù fún ìtàn Holmes ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 ti ṣègbé lẹ́yìn iná tó jó ní Washington lọ́dún 1921, torí náà àlàfo ogún ọdún wà láàárín 1880 sí 1900. Ìwé àdírẹ́sì ìlú ló ń dí àlàfo yẹn. Àìrí kì í ṣe ẹ̀rí ikú.

Bí a bá fi ọ̀nà yìí gba orí àwọn iye tó wà fún Holmes kọjá, bó ṣe rí nìyí:

| Iye | Ẹni tó ni ín | Bó ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí |
|---|---|---|
| 1 | Ilé ẹjọ́, 1895 | Ìdájọ́ wà, àkọsílẹ̀ wà |
| 9 | Àwọn olùwádìí | Orúkọ wà. Pitezel, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, àti àwọn márùn-ún tó sọnù lọ́dọ̀ Holmes ní Chicago |
| 27 | Holmes, 1896 | Ìjẹ́wọ́ olówó. Àwọn kan ṣì wà láàyè |
| 200 | Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀rúndún ogún | Kò sí orúkọ, kò sí òkú |

Mẹ́sàn-án yẹn lórúkọ. Julia Conner wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Pearl. Bí a bá fi 200 bò wọ́n, ọmọ kékeré yẹn di nọ́ńbà láàárín àwọn tí kò fìgbà kan wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá.

Òfófó tó ní Holmes sá lọ, ẹlòmíì ni wọ́n sin, ti parí: ní 2017 wọ́n hú òkú náà ní itẹ́ Holy Cross nítòsí Philadelphia, eyín rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé òun ni.

Bó bá jẹ́ ẹjọ́ Nàìjíríà

Ọ̀nà náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ṣi àwọn tó ń kọ ìtàn lọ́nà. Ìdájọ́ ikú yàtọ̀ sí ikú. Ilé ẹjọ́ gíga tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú Chukwuemeka Ezeugo, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Reverend King, ní oṣù Kejì 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Èkó ti dá a lẹ́bi ní 2007. Gómìnà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó yẹgi fún ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ni kì í sì buwọ́ lù ú. Nítorí náà, "wọ́n ti pa á" nílò ẹ̀rí tirẹ̀, kì í ṣe ìwé ìdájọ́. NigeriaLII ní ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí ẹ lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, afurasí ni. Ẹ má pè é ní apànìyàn.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Nígbà tí ẹ bá ti yẹ̀ wò tán, ẹ so iye mọ́ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ má sì ṣe pa ìyàtọ̀ wọn rẹ́. Fún Shipman: "Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú 15 ní 2000, ìgbìmọ̀ ìwádìí Dame Janet Smith rí i ní 2002 pé ó pa 215, wọ́n sì fojú bù ú ní 2005 pé gbogbo rẹ̀ máa tó 250." Fún Holmes: "Wọ́n dá a lẹ́bi ikú Benjamin Pitezel. Ẹ̀rí wà tó so ó mọ́ ikú àwọn mẹ́jọ míì. Ó jẹ́wọ́ 27 nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kò tíì kú." Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò sínú Wayback Machine nípa títẹ "Save Page Now", torí ojú-ìwé lè kú lọ́la kí ẹlòmíì má sì rí ohun tí ẹ rí mọ́.